Ẹsẹ Kẹta Tí Ìyá Mi Kì í Kọ

Ìyá mi kọ ẹsẹ kẹta.

Mo dá ọwọ́ dúró lórí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì tí mo ń ṣí lọ́wọ́. Aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Fóònù wà létí mi bó ṣe máa ń wà ní gbogbo òwúrọ̀, èmi ní ìsàlẹ̀ níbí, ìyá mi lọ́hùn-ún ní Òkè-Ìyẹ̀, à ń gba àdúrà ìdílé wa. Orin òwúrọ̀ wa ní ẹsẹ mẹ́rin. A máa ń kọ ẹsẹ kìíní àti ìkejì. Tó bá kan ẹsẹ kẹta, a óò dákẹ́. A óò dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ náà ì bá gbà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìkẹrin. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí ìjọ fi ẹsẹ kẹta yẹn sọ pósí bàbá mi kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Ìyá mi kò sọ fún mi rí pé ká má kọ ọ́. Ó kàn dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, èmi náà dákẹ́ tì í, ó sì di ohun tí a ń ṣe.

Lónìí kò dákẹ́. Ó kọ ọ́ geere. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n níbì kankan.

"Màmá," mo ní, "ẹ kọ ẹsẹ kẹta."

"Gbogbo orin Olúwa ló dára. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, mà. Wọ́n ní òjò pọ̀ lókè."

"Dáadáa ni gbogbo wa wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Mo ṣe àmín sí àdúrà tó kù, mo wọlé. Mo sọ fún ara mi pé bóyá Ọlọ́run ti tù ú nínú níkẹyìn. Ó yẹ kí inú mi dùn. Láti bí ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, iṣẹ́ ìròyìn ìparí oṣù kò jẹ́ kí n bá a kọrin. Ìkíni àti àmín nìkan ni mo ń ráyè ṣe. Ṣé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ̀fọ̀ ọdún mọ́kànlá wá kúrò lára rẹ̀? Mo gbé ìbéèrè yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tan iná, mo nu tábìlì.

Ilé Ẹ̀sùn Ohùn ni wọ́n ń pe ọ́fíìsì wa. Yàrá kan ni, pẹ̀lú àga gígùn kan lóde fún àwọn tó ń dúró. Àpótí Ìlà Ayọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń gbé ohùn fóònù gbogbo wa, wà lára ògiri, ó tó bí Bíbélì orí pẹpẹ, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo a sì máa tàn bíi ti ológbò. Wọ́n fa ìlà pupa kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ará ìlú lè kọjá ìlà náà. Èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìka ẹsẹ̀ kàn án. Bí mo bá sún mọ́ ọn jù, ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ọjọ́ tí mo búra ni wọ́n ti ẹ̀gbà náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i tó ṣí fúnra rẹ̀ rí, lọ́wọ́ ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tó dìde níwájú àwọn oníròyìn, tó sì ní kí Ìlà Ayọ̀ má ṣe jẹ́ kí àbùlẹ̀ tí ẹ̀rọ wọn fi ń dí àlàfo ọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ó já bọ́ sórí tábìlì, ó dún gbà. Ọ̀gá mi wò ó, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ sílé. N kò tún rí i níbi iṣẹ́ mọ́.

Bàbá kan wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ kan ti ara rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó dúró, ó tẹ́tí sí mi bí ẹni tó ń tẹ́tí sí agogo. "Tún un kí."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìwọ gan-an ni. Ìwọ lo ni ohùn tó ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ Àìkú pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu."

"Ẹ pe ibí ni, sà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Akínṣíkù lorúkọ mi, àgbẹ̀ kókó, láti Òkè-Ìyẹ̀. O ní ẹ ti ń bá mi ṣe é. O tiẹ̀ bèèrè bóyá mo ti jẹun."

N kò gba ìpè kankan láti Òkè-Ìyẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àfi ti ìyá mi. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ wa bí a ṣe ń dá àwọn ènìyàn lóhùn. Mo nawọ́ sí ògiri.

"Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn nípa Ìlà Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Àpótí sọ ọ́. Òfin kò gbà kí n bá yín sọ ọ́."

"Kí wá ni iṣẹ́ tìrẹ?"

"Mo ń kọ ohun tí Àpótí bá fèsì sílẹ̀."

"Wọ́n sì rán ẹ lọ sílé ìwé nítorí èyí." Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ́ ẹsẹ̀ kọjá ìlà pupa, ó gbójú sókè sí Àpótí. "Ìwọ yìí. Okùn yín ti já lókè wa. Ẹ wá so ó."

Ojú Àpótí tàn. Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń ka ìkéde ìgbéyàwó nínú ìjọ. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ìlà Ayọ̀ kì í já. Òkè-Ìyẹ̀, láti àná di àárọ̀ yìí: ìpè irinwó ó lé méjìlá. Èyí tó já nínú wọn: kò sí."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Irinwó ó lé méjìlá.

"Ta ló ń pè?" Bàbá Akínṣíkù béèrè. Èmi ló kọjú sí. "Òkè ya lulẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó gbé ọ̀nà mọ́tò lọ, ó gbé okùn ńlá tó ń gbé ohùn wá sísàlẹ̀ lọ. Mo rí i nínú àfonífojì, ó nà sílẹ̀ bí òjòlá. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé orí rẹ̀ tó já. Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn dé ibí. Ta ló wá ń pè?"

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ni."

"Ìyá rẹ tó wà níbo?"

"Ní Òkè-Ìyẹ̀."

"Láàárọ̀ yìí?"

"Kò tíì pé ìdajì wákàtí."

Bàbá náà jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ mi, kò sí ohùn kankan tó tíì sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè yẹn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Gbogbo wa la mọ àbùlẹ̀. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá gé ọ̀rọ̀ ẹni jẹ, tí sílébù kan tàbí méjì sì sọnù, ẹ̀rọ á fi ohùn onítọ̀hún lẹ àlàfo náà, bí ìyá ṣe ń lẹ orúnkún ṣòkòtò ọmọ. Ohun rere la kà á sí. Kò sẹ́ni tó bèèrè bí ihò náà ṣe lè tóbi tó. Àwọn tó bèèrè, Òfin Afẹ́fẹ́ Òmìnira dá wọn lóhùn: ohùn tó bá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá, Ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún un, kò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n, kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹsẹ kẹta ń dún ní etí mi. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ ara orin. Àlàfo ni lójú tirẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́.

Mo gbé fóònù, mo tún pe ìyá mi. Kò dún lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbé e.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ fún mi díẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan."

"Kò burú, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ dákẹ́, mà."

"Mo ti dákẹ́. Òjò ti ń dá lọ́dọ̀ wa. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ o."

Mo pa á. Nínú Ìwé Mímọ́, bàbá afọ́jú kan wà tó gbọ́ ohùn ọmọ kan, tó wá fọwọ́ pa apá onítọ̀hún wò, ọ̀rọ̀ náà kò sì bára mu. Èmi kò ní apá tí mo lè fọwọ́ pa. Ohùn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.

"Ta ni ìyá rẹ?" Bàbá Akínṣíkù béèrè.

"Wọ́n ń pè wọ́n ní Ìyá Dunsìn. Ilé wa wà lábẹ́ Àpáta Ìgbín."

Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi."

"Àpáta Ìgbín ti là. Ní ọjọ́ Ajé, ọwọ́ mi wọ inú ihò náà. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí mi wọ̀ ọ́. Gbogbo àwọn tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ ti kó lọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo."

Mo di etí tábìlì mú.

"A bẹ̀ wọ́n. Alàgbà Fábọ̀rọ̀dé kúnlẹ̀ fún wọn, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Wọ́n ní, 'Dunsìn ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí ewu bá wà, ṣé Dunsìn kò ní mọ̀?' Wọ́n pè ọ́ lójú wa, wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. O ní dáadáa ni, kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Ohùn rẹ ni, ọmọ mi. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi."

Ohùn mi ló ń mú ìyá mi jókòó sábẹ́ àpáta. Ohùn tí mo fi ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin.

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?" bàbá náà ní. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tẹlifóònù dúdú ńlá kan wà tó ń lo waya. Ọ̀kan ṣì wà nínú yàrá aṣọ ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Alàgbà ń fi ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ sí i."

Mo dìde. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú Òfin náà, èyí tí a máa ń kà kíákíá nítorí pé kò já mọ́ nǹkan kan: waya bàbà nìkan ló kù lábẹ́ ọwọ́ Ìpínlẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa bí a ṣe ń fi egungun sílẹ̀ fún ajá, torí pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Àwọn òpó rẹ̀ gba ẹ̀yìn òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin àtijọ́, níbi tí ilẹ̀ kò tíì ya.

Ọ̀kan irú rẹ̀ wà nínú yàrá ìkẹ́rù wa, lábẹ́ àwọn fáìlì Ọ̀gbẹ́ni Látúndé. Ọ̀gá mi ti fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà ìlú mọ́kànlá sára ògiri lókè rẹ̀. Òkè-Ìyẹ̀ ni ìkẹrin. Mo tẹ bọ́tìnnì bátìrì tó wà nísàlẹ̀, mo gbé ìgbọ́hùn rẹ̀ sétí. Ó wúwo. Mo gbọ́ ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí ẹni tí òtútù mú tó ń mí.

Láti inú yàrá kejì, Àpótí sọ̀rọ̀. "Òṣìṣẹ́ Dunsìn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo waya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnu ba ohùn òmìnira jẹ́, níbikíbi, lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀gbà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Mo tẹ nọ́ńbà Òkè-Ìyẹ̀. Tẹlifóònù dún títí. Mo ka ìdún mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà nǹkan kan já bọ́ lọ́hùn-ún, ẹnì kan sì sọ̀rọ̀ jìnnà-jìnnà, bí ẹni tó di ìgbọ́hùn mú lódì.

"Ní orúkọ Jésù, ta nìyẹn?"

"Alàgbà Fábọ̀rọ̀dé, èmi ni, sà. Dunsìn, ọmọ Ìyá Dunsìn. Bàbá Akínṣíkù ti dé ọ̀dọ̀ mi."

"Akínṣíkù kò kú?"

"Sọ fún un pé mi ò kú," bàbá náà ké láti ẹ̀yìn mi, "kó sì gbé ẹ̀wù rẹ̀ kúrò lórí tẹlifóònù."

"Ẹ bá mi pe ìyá mi wá, sà. Ẹ ní mo ń dúró dè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọdún méjì ni mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Bàbá Akínṣíkù gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí, ó sì bojú wolẹ̀. A dúró pẹ́. Mo ń gbàdúrà láìlo ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ bàtà ìyá mi tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì tó máa ń kẹ́yìn.

"Fábọ̀rọ̀dé, mo gbé ẹ̀wà kaná o. Kí ló dé?" Ìgbà náà ni ohùn náà sún mọ́ mi, ó há, ó sì ń gbọ̀n. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Dunsìn."

"Dunsìn wo? Dunsìn wà lọ́wọ́ mi níbí. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ bọ̀ lọ́nà."

Mo sì gbọ́ ọ. Láti inú fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti inú waya, ohùn ara mi padà wá bá mi: "Màmá, dáadáa ni. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Bàbá Akínṣíkù di èjìká mi mú.

"Ẹ wò ó," ni ìyá mi wí, "ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ta ni èkejì?"

Mo lè sọ fún un pé irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa. Ẹ̀gbà náà ń jó mi. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dí mi lọ́wọ́. Bí mo bá ní irọ́ ni, èkejì náà lè ní irọ́ ni, pẹ̀lú ohùn kan náà.

"Màmá, a ò tíì kọrin tòótọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ ká kọ orin òwúrọ̀ wa. Ẹ ní kí ẹni ọwọ́ yín náà kọ ọ́."

Ó dá orin náà. Mo gbè é. Èkejì náà gbè é. Àwa mẹ́ta kọ ẹsẹ kìíní, a kọ ìkejì, ohùn mi méjèèjì yí ìyá mi ká, n kò lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

A dé ẹsẹ kẹta. Mo pa ẹnu mi dé. Ìyá mi pa tirẹ̀ dé.

Ohùn mi ń kọ ọ́ lọ. Òun nìkan. Ó dùn, ó mọ́, ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lórí ibojì bàbá mi, kò fo ọ̀kan. Ìyá mi gbọ́ ọ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ nǹkan kékeré kan tó dún kẹ́, ó ti pa fóònù ọwọ́ rẹ̀. Waya náà dákẹ́, ó kan ń mí.

"Àwẹ̀ró," ó ní. Oríkì mi nìyẹn.

"Mà."

"Mi ò ní padà sílé mọ́. Kí ẹ̀wà máa jó."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé."

"Mo sọ ohun púpọ̀ fún un," ni ìyá mi wí. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ojú ń tì. "Mo sọ pé ẹ̀rù ikú ń bà mí. N kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní àmín. Ta ni mo ti ń bá gbàdúrà láti ọjọ́ yìí wá?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbé ìgbọ́hùn náà kalẹ̀.

Nígbà tí mo jáde nínú yàrá ìkẹ́rù, ẹ̀gbà náà ti tutù. N kò tíì rú òfin kankan. Ìyá mi wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì lè jókòó sídìí tábìlì mi kí n parí ìròyìn oṣù. Irinwó ó lé méjìlá wà lórí ìwé níwájú mi, pẹ̀lú ọwọ́ kíkọ mi tó dára.

Obìnrin kan ti wá jókòó lórí àga gígùn lóde. Ó fi fóònù sétí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn máa gun àpáta o. Àwọn Òkè-Ìyẹ̀ yín yìí! Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà?"

Bàbá Akínṣíkù wò mí.

"Òṣìṣẹ́ Dunsìn," ni Àpótí wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Mo jáde. Mo kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà kí ojú wa lè ṣe déédéé. "Ẹ forí jì mí, mà. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín dákẹ́ díẹ̀. Kí wọ́n má sọ ohunkóhun, kí ẹ ka ení dé ogún."

"Nítorí kí ni?"

"Bí wọn kò bá lè dákẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ìlà Ayọ̀ ni."

Ẹ̀gbà náà ṣí. Ó bọ́ lọ́rùn ọwọ́ mi, ó yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì, ó dúró sẹ́bàá ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ó wò ó, ó wò mí, ẹ̀rín ṣì kù díẹ̀ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ sínú fóònù, "ẹ dákẹ́ fún mi díẹ̀ ná."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà. Ení. Èjì.

Kò tíì dé ẹ̀ta tí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀.